Wọ́n Lé E Jáde, Jésù Wá A Rí

Bíbélì kíkà: Jòhánù 9:1-41; Kọ́ríńtì Kejì 2:5-11

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ lé jáde ni a ń wí. Ó lè jẹ́ ọmọ yín, ó lè jẹ́ àbúrò yín, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́ gan-an. Wọ́n ti ka orúkọ rẹ̀ jáde lójú gbogbo ìjọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ń yà bàrá bí wọ́n bá rí i lọ́nà ọjà. Ọjọ́ Ìsinmi dé, kò mọ ibi tí yóò múra lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń jà lọ́kàn rẹ̀: Ṣé Ọlọ́run náà ti lé mi ni? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ mi gbọ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ báyìí? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ỌKÙNRIN TÍ A BÍ NÍ AFỌ́JÚ

Nínú Jòhánù orí kẹsàn-án, Jésù la ojú ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, ọjọ́ Ìsinmi ni ó sì ṣe é. Àwọn Farisí gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀. Wọ́n wádìí lẹ́nu ọkùnrin náà, wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe baba àti ìyá rẹ̀. Àwọn òbí gbà pé ọmọ àwọn ni, wọ́n gbà pé bí wọ́n ti bí i nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹni tí ó là á lójú, wọ́n yọ ara wọn. Wọ́n ní ó ti dàgbà, kí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀. Ẹsẹ kejìlélógún sọ ìdí rẹ̀ fún wa: ẹ̀rù ń bà wọ́n, nítorí pé àwọn aṣáájú ti fohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́wọ́ pé Jésù ni Kristi, a ó yọ ọ́ kúrò nínú sínágọ́gù.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó pe ẹlẹ́jọ́. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n etí wọn ti dí. Òun náà rí i, ó sọ fún wọn pé òun ti wí fún wọn, wọn kò sì gbọ́. Ẹ̀yin ará, pé a pe ènìyàn jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kò túmọ̀ sí pé a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Lílé jáde kúrò nínú sínágọ́gù kì í sì í ṣe ohun kékeré. Sínágọ́gù kì í ṣe ilé àdúrà nìkan. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ni ní òfin, ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni a ti ń yanjú ọ̀ràn. Alágbe ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ là tí ó yẹ kí ó wọ àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n tì í síta, wọ́n sì bú u mọ́ ọn pé inú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Nígbà náà ni ẹsẹ karùndínlógójì dé, ẹsẹ tí gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní rọ̀ mọ́. Jésù gbọ́ pé wọ́n ti lé e jáde, ó sì wá a rí. Kò dúró kí ó wá òun. Kò ránṣẹ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá a lọ. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà rí. Ọkùnrin yìí kò tíì fi ojú kan Jésù rí títí di wákàtí náà! Nígbà tí Jésù fi amọ̀ sí i lójú, afọ́jú ni. Ibi adágún Sílóámù ni ó ti ríran, Jésù kò sì sí níbẹ̀. Inú sínágọ́gù ni wọ́n ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ Jésù, síbẹ̀ kò rí Jésù níbẹ̀. Ìta tí wọ́n lé e sí ni ó ti rí Olùgbàlà rẹ̀ lójúkojú, ibẹ̀ ni ó sì ti wólẹ̀ fún un.

Èsì ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Orúkọ rẹ lè kúrò nínú ìwé ìjọ, kí ó wà nínú ìwé ìyè síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn tì mọ́ ọ kì í ṣe ilẹ̀kùn ọ̀run.

OHUN TÍ LÍLÉ JÁDE Ń GBÀ LỌ́WỌ́ ÈNÌYÀN

Bí ìjọ bá ti le tó, bẹ́ẹ̀ ni lílé jáde níbẹ̀ ti ń dunni tó. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ jẹ́ ibi ìsìn ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lè sunkún, kí ó nu ojú, kí ó rìn dé ìjọ tó wà lójú pópó kejì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìjọ ni ọ̀rẹ́ wọn, ìjọ ni ẹbí wọn, ìjọ ni iṣẹ́ wọn.

Àwọn Amish tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà lónìí, Jakob Ammann ni orúkọ wọn ti wá. Ní ọdún 1693, nílẹ̀ Yúróòpù, ó ya kúrò lára àwọn Mennonite yòókù, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì fa ìyapa náà ni àríyànjiyàn lórí bí ó ti yẹ kí a yẹra fún ẹni tí a lé tó. Títí di òní, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tí a lé kò gbọdọ̀ bá àwọn tó kù jẹun nídìí tábìlì kan náà. Lọ́dọ̀ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tí àwa náà mọ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, ìyọlẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń pè é láti ọdún gbọọrọ, ọmọ ìjọ kì í sì í kí ẹni tí a bá yọ. Ní ọdún 2024, wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n ní kí a máa sọ pé a mú ènìyàn kúrò nínú ìjọ, wọ́n sì fàyè gbà á pé kí a kí i ní ṣókí, kí a pè é wá sí ìpàdé. Ìkíni ṣókí yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò rí i rí. Ẹ bi ìyá tí ó ti tó ọdún mélòó tí kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, yóò sọ fún yín bí ó ti tóbi tó.

Àwọn Hutterite ni ti wọn jinlẹ̀ jù. Orúkọ Jakob Hutter ni wọ́n ń jẹ́, ẹni tí wọ́n dáná sun ní Innsbruck, nílẹ̀ Austria, ní ọdún 1536 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Wọ́n ń gbé papọ̀ nínú oko ńlá, wọ́n ń jẹun papọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, kò sí ẹni tí ó ní ilé tàbí owó tirẹ̀. Ìfẹ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá lé ẹnìkan níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni ilé, iṣẹ́, oúnjẹ àti ìjọ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ṢÉ ÌJỌ LÁṢẸ LÁTI LÉ ÈNÌYÀN?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé ìbáwí kò dára. Jésù fúnra rẹ̀ là á sílẹ̀ nínú Mátíù 18:15-17. Kí a kọ́kọ́ bá arákùnrin náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí a tún mú ẹnìkan tàbí méjì lọ, lẹ́yìn náà ni kí a wí fún ìjọ. Bí kò bá gbọ́ ti ìjọ pàápàá ni ọ̀rọ̀ yóò di ti ẹni tó wà lóde. Ẹ wo bí àtẹ̀gùn náà ti pọ̀ tó kí a tó dé ẹnu ọ̀nà! Pọ́ọ̀lù pàápàá, nínú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí karùn-ún, pàṣẹ pé kí wọ́n mú ọkùnrin tí ń gbé pẹ̀lú aya baba rẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ẹni tí ń ba ọmọdé jẹ́, ẹni tí ń fi ìjọ ṣe ìbòjú fún olè, a gbọ́dọ̀ mú irú wọn kúrò nítorí àwọn àgùntàn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi yìí bo ara.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kejì, Pọ́ọ̀lù tún kọ̀wé nípa ẹnìkan tí wọ́n ti bá wí. Ó ní ìyà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi jẹ ẹ́ tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì. Kódà, ó kìlọ̀ pé Sátánì lè fi àìdáríjì wa rẹ́ wa jẹ. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Wọ́n sì ní bí ọmọ ẹni bá burú títí, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ìjọ tí ó ní ọwọ́ ọ̀tún tí kò ní ti òsì, ìjọ abirùn ni.

ỌLỌ́RUN PÀÁPÀÁ BI ÁDÁMÙ LÉÈRÈ

Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí a lé ní kí a tún ẹjọ́ òun gbọ́? Rárá o. Nínú ọgbà Édẹ́nì, Ọlọ́run tí kò sí ohun tí ó pamọ́ fún kò lé Ádámù kí ó tó pè é. Ó bi í níbi tí ó wà. Ó bi í bóyá ó ti jẹ èso náà. Ó bi obìnrin náà léèrè ohun tí ó ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó tó dájọ́. Nikodémù, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso Júù, dìde láàárín wọn nínú Jòhánù 7:51, ó bi wọ́n bóyá òfin wọn ń dá ènìyàn lẹ́bi kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Yorùbá náà sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ Ádámù yìí wọ inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Cambridge ti gba oyè lọ́wọ́ àlùfáà kan tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá, Richard Bentley, láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1723, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá oyè rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rán wọn létí pé Ọlọ́run kò dá Ádámù lẹ́jọ́ láìpè é wá wí tẹnu rẹ̀.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Hutterite tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oko wọn tí ń jẹ́ Lakeside, ní ìpínlẹ̀ Manitoba nílẹ̀ Kánádà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Daniel Hofer. Ó ní òun ni òun ṣe irú ẹ̀rọ kan tí a fi ń fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ. Oko Hutterite mìíràn ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní tiwọn ni. Àwọn àgbà ní kí Hofer jáwọ́, ó kọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, wọ́n ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa dá jẹun. Ó kọ ìyà náà, wọ́n sì kà á sí ẹni tí kò sí nínú ìjọ mọ́. Nígbà tí kò kúrò nínú oko, ìjọ gbé òun àti àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀rọ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó dá ìjọ tí ń pín ohun gbogbo jẹ sí méjì! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ ipò alága ti fọ́ ìjọ tiwa náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1992, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Kánádà dá Hofer láre. Wọn kò dájọ́ lórí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Wọn kò sì sọ pé ìjọ kò láṣẹ láti lé ènìyàn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà kí a tó lé ènìyàn: kí a fi tó o létí ní àkókò pé ọ̀rọ̀ lílé rẹ̀ wà nílẹ̀, kí a fún un láyè láti wí tẹnu rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tí yóò dájọ́ kì í ṣe ẹni tí ń ṣègbè. Ẹ fi èyí wé ìgbìmọ̀ inú Jòhánù orí kẹsàn-án, tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó pe ẹlẹ́jọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ ayé ń béèrè, ṣé kò yẹ kí ilé Ọlọ́run ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ?

IBI TÍ AGBÁRA ILÉ ẸJỌ́ MỌ

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ. Ní ọdún 1970, ilé ẹjọ́ kan náà ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn Hutterite kan ní oko Interlake tí wọ́n lé nítorí pé wọ́n bọ́ sínú ìjọ mìíràn. Wọ́n béèrè ìpín tiwọn nínú dúkìá oko, wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fohùn ṣọ̀kan lórí ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ìjọ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní Calgary yọ lẹ́gbẹ́. Iṣẹ́ ilé títà ni ó ń ṣe, ó sì ní àwọn ará ìjọ tí wọ́n jẹ́ oníbàárà òun ti sá lọ. Àwọn adájọ́ ní bí kò bá sí ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi dúkìá tàbí àdéhùn, ilé ẹjọ́ kò ní ohun í ṣe nínú ẹni tí ìjọ gbà àti ẹni tí ìjọ kò gbà.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ilé ẹjọ́ lè dá ilé padà fún ènìyàn, kò lè dá ọ̀rẹ́ padà. Ó lè ní kí a tún ẹjọ́ gbọ́, kò lè pàṣẹ pé kí ẹnìkan fi ìfẹ́ kí ẹnì kejì. Ohun tí ó bàjẹ́ láàárín ará, ẹsẹ̀ àti ẹkún ni a fi ń tún un ṣe.

FÚN ÌWỌ TÍ WỌ́N LÉ

Ìbéèrè kẹta nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ inú yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, kí o sì yẹ ara rẹ wò níwájú Ọlọ́run. Bí ohun tí wọ́n sọ bá jẹ́ òtítọ́, má wá ọ̀nà mìíràn. Ronú pìwà dà, lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀. Ọmọ onínàákúnàá kò gbé ẹjọ́ ka ibì kankan, ó dìde, ó lọ bá baba rẹ̀.

Bí ọkàn rẹ bá sì mọ́, béèrè fún ẹ̀tọ́ rẹ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Kọ ìwé, má lọ pariwo. Béèrè pé kí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sílẹ̀ fún ọ. Wo ìwé òfin ìjọ náà bóyá wọ́n tẹ̀ lé e. Bí ìjọ náà bá ní ìgbìmọ̀ tó ga ju ti àdúgbò lọ, gbé ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ́ wa nínú Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí kẹfà pé kí onígbàgbọ́ má sáré gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́, nítorí náà wá àgbà onígbàgbọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún kí ó là yín. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kan náà ni ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ Késárì nínú Ìṣe 25:11 nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Bí wọ́n bá lù ọ́, bí wọ́n bá gba ilé tàbí ọmọ rẹ, ọ̀rọ̀ òfin ìlú nìyẹn. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní apá kejìdínlógójì, sì fún olúkúlùkù ní òmìnira láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹta, má purọ́ kí wọ́n lè gbà ọ́ padà. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ là kò mọ ẹ̀kọ́ ìsìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó di ohun kan mú: afọ́jú ni òun tẹ́lẹ̀, òun ti ríran báyìí. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin, má dá gbé. Sunkún bí ẹkún bá ń bọ̀, nítorí ẹni tí ó pàdánù ìjọ rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ṣùgbọ́n wá ìdílé onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ń ka Bíbélì tí wọn kò sì ní fi ọ́ ṣe ọ̀rọ̀ sọ, kí o máa bá wọn gbàdúrà. Ẹyín iná tí a yọ sọ́tọ̀ kì í pẹ́ kú.

Ẹ̀karùn-ún, má kánjú dá ìjọ tìrẹ sílẹ̀. Lóòótọ́, Ọlọ́run ti lo irú wọn. Ní ọdún 1917 ní Èkó, àwọn tí Mẹ́tọ́díìsì yọ nítorí pé wọ́n fẹ́ ju aya kan lọ ni wọ́n dá United African Methodist sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Josiah Oshitelu, olùkọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1926. Ní ọdún 1930 ni Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní Ògèrè. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe ìpè. Ìjọ tí a fi ìbínú kọ́, ìbínú náà ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

FÚN ẸBÍ ÀTI FÚN AṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin òbí, ẹ ro ti àwọn òbí inú Jòhánù orí kẹsàn-án. Ọjọ́ tí ojú ọmọ wọn là, ọjọ́ ijó ni ì bá jẹ́ fún wọn. Ìbẹ̀rù ìjọ kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró tì í. Bí ìjọ bá tilẹ̀ bá ọmọ rẹ wí lọ́nà tó tọ́, ìwọ ni ìyá rẹ̀ síbẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bu oúnjẹ fún un. Baba ọmọ onínàákúnàá ń wo ọ̀nà ni, ìdí nìyẹn tí ó fi rí i lókèèrè.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́run. Jòhánù Kẹta sọ nípa Díótíréfè tí ó fẹ́ jẹ́ olórí, tí kò gba àwọn ará, tí ó sì ń lé àwọn tí ó fẹ́ gbà wọ́n jáde kúrò nínú ìjọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú Bíbélì títí di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìyìn. Kí a tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni jáde, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: Ta ló ti bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀? Ṣé ó mọ ohun tí a fi ń kàn án? Ṣé a ti gbọ́ tẹnu rẹ̀? Àti pé, lẹ́yìn tí a bá lé e, ta ni yóò máa lọ wò ó? Nítorí pé bí Jésù bá ń wá ẹni tí a lé kiri ìgboro, tí àwa sì ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i, ọ̀nà tí àwa àti Jésù ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

ÀDÚRÀ: Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o gbọ́ nígbà tí wọ́n lé ọkùnrin náà jáde, gbọ́ ti àwọn ọmọ rẹ tí wọ́n dá jókòó lónìí. Ẹni tí ó ṣẹ̀, fún un ní ọkàn ìrònúpìwàdà. Ẹni tí a ṣẹ̀, gbèjà rẹ̀. Fún àwọn aṣáájú wa ní etí tí ń gbọ́, kí o sì fún àwọn ẹbí ní ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Wá wọn rí, Olúwa, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.